Bí ẹ ṣe máa tún W-4 yín ṣe kí owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó iṣẹ́ yín lè bọ́ sí iye tó yẹ

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe iṣẹ́ méjì, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti CNA (olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì) tẹ́ ẹ ń sáré kúrò ní ọsibítù kan bọ́ sí òmíràn, àti ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ̀yin méjèèjì jọ ń gbowó. Ọdọọdún ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín February sí April, ẹni tó ti fi gbogbo ọdún ṣiṣẹ́ bí agogo máa kó ìwé ẹ̀ lọ bá ẹni tó ń bá a ṣe tax, wọ́n á ní ó jẹ ìjọba ní $3,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ẹni tó bá a ṣe é, bẹ́ẹ̀ ẹni yẹn ò mọwọ́ mẹsẹ̀ rárá. Fọ́ọ̀mù tó fọwọ́ sí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débi iṣẹ́ láì kà á ló fa gbogbo ẹ̀. W-4 lórúkọ fọ́ọ̀mù yẹn. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá gba iṣẹ́ tuntun kẹ́ ẹ tó yí i padà o, ìgbàkigbà láàárín ọdún lẹ lè kọ òmíràn, ẹ ò sì ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí tó bá ti yé yín, kíkọ fọ́ọ̀mù yẹn ò le mọ́. Ilé iṣẹ́ yín ò mọ nǹkan kan nípa yín ju owó tí wọ́n ń san fún yín àti ohun tẹ́ ẹ kọ sórí W-4 lọ. Wọn ò mọ̀ pé ẹ níṣẹ́ alẹ́, wọn ò mọ̀ pé ẹ̀ ń wa Uber ní Saturday, wọn ò mọ iye tí ìyàwó tàbí ọkọ yín ń gbà. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á kà á sí pé owó tiwọn nìkan lẹ̀ ń gbà lọ́dún, wọ́n á yọ iye tí ìjọba ò ní gba owó orí lórí ẹ̀ kúrò (ní 2026 ó jẹ́ $16,100 fún ẹni tó dá wà, $32,200 fún tọkọtaya tó jọ ń ṣe tax pọ̀, $24,150 fún head of household, ẹni tó dá ń gbọ́ bùkátà ilé tí màá ṣàlàyé ẹ̀ tó bá yá), ohun tó bá kù ni wọ́n á gba 10% lórí ẹ̀, tó bá pọ̀ díẹ̀ ó di 12%, tó bá tún pọ̀ sí i ó di 22%, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gòkè lọ. Tó bá di ìgbà tax lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ṣe ìṣirò tòótọ́ pẹ̀lú IRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀. Ohun kan ṣá o, W-4 ò kan Social Security tó jẹ́ 6.2% àti Medicare tó jẹ́ 1.45%, wọ́n á yọ ìyẹn bó ti wù kẹ́ ẹ kọ ọ́, nítorí náà ẹni tó bá ní òun lè bá yín fi W-4 pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, irọ́ ló ń pa.

Ẹ wá wo bí iṣẹ́ méjì ṣe ń dá wàhálà sílẹ̀. Ká ní arábìnrin kan tí ò tíì lọ́kọ ń gba $40,000 lọ́dún níbi iṣẹ́ kan, ó tún ń gba $40,000 níbi ìkejì. Ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ á yọ $16,100 sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ku $23,900, owó orí tí wọ́n máa yọ lórí ẹ̀ lọ́dún 2026 jẹ́ $2,620. Ilé iṣẹ́ kejì náà á tún yọ $16,100 kan náà yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ni òfin fún un, àwọn náà á yọ $2,620. Àpapọ̀ ẹ̀ $5,240. Àmọ́ lójú IRS, $80,000 ni obìnrin yìí gbà, tí wọ́n bá yọ $16,100 kúrò lẹ́ẹ̀kan ó ku $63,900, apá kan nínú ẹ̀ sì ti kọjá $50,400 tí 22% ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo owó orí ẹ̀ wá di $8,770. $3,530 ló ń dúró dè é yẹn. Ilé iṣẹ́ méjèèjì ṣe ohun tó tọ́ pẹ̀lú ohun tí wọ́n mọ̀, wọn ò kàn mọ̀ nípa ara wọn ni.

Òdìkejì ẹ̀ náà wà, àwọn tí wọ́n ń yọ owó tiwọn jù. Ẹni tó gba refund $5,200, ìyẹn owó tí ìjọba dá padà fún un nígbà tax, tó sì ń gbowó lọ́sẹ̀ méjì-méjì, $200 ló ń fi sílẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀kì kọ̀ọ̀kan, àjọ ló ń dá yẹn, àmọ́ irú àjọ tí kò lè lọ kó láàárín ọdún bí ọmọ bá ṣàìsàn tàbí mọ́tò bá bàjẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀ torí wọ́n ní táwọn bá rí owó yẹn lọ́wọ́ àwọn á ná an, mi ò bá wọn jà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń jẹ gbèsè credit card tó ń gba èlé tó lé ní 20%, tí ìjọba sì ń tọ́jú owó yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ro ó dáadáa. Ẹ tún rántí pé kì í ṣe gbogbo refund ni owó tí wọ́n yọ jù o, tó bá jẹ́ pé earned income credit, ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún òṣìṣẹ́ tí owó ẹ̀ kéré, ló pọ̀ nínú ẹ̀, ìyẹn ò lè wọnú ṣẹ́ẹ̀kì yín, ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣe tax náà ló ń wọlé.

Ó yá, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni kẹ́ ẹ kó ìwé jọ, ẹ má ṣe àròsọ iye kankan. Pay stub tó kẹ́yìn láti gbogbo ibi iṣẹ́ yín, ti ọkọ tàbí ìyàwó náà, àti ìwé tax ọdún tó kọjá, 1040 yẹn. Tẹ́ ẹ bá ń gba 1099, ìwé tí wọ́n ń fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àdáni, ẹ kọ iye tó ń wọlé àti iye tẹ́ ẹ ń ná lórí iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Lórí 1040, ẹ wo ìlà 24, ibẹ̀ ni gbogbo owó orí tẹ́ ẹ yẹ kẹ́ ẹ san lọ́dún yẹn wà, ẹ wá wo ìlà 25, ibẹ̀ ni iye tí wọ́n ti yọ lọ́wọ́ yín wà. Tí ìgbé ayé yín ò bá yí padà púpọ̀ lọ́dún yìí, ìlà méjì yẹn nìkan ti sọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ fún yín. Lórí pay stub, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ federal sí, kẹ́ ẹ wo iye tí wọ́n ti yọ láti January títí di òní, tó máa ń wà lábẹ́ YTD.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lọ sórí irs.gov, kẹ́ ẹ wá Tax Withholding Estimator. Ọ̀fẹ́ ni. Kì í béèrè orúkọ, kì í béèrè nọ́ńbà social, kì í béèrè nọ́ńbà báńkì, nítorí náà tí ojúlé kan tó jọ ọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ yáa jáde níbẹ̀ kíá, àwọn gbájúẹ̀ ni. Ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ jókòó pa pọ̀ ṣe é, torí ìṣirò tí ọkọ bá dá ṣe láì mọ iye tí ìyàwó ń gbà ò lè tọ̀nà láéláé, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó láàárín lọ́kọláya wa máa ń nira láti gbé sórí tábìlì, àmọ́ IRS ti gbé e sórí tábìlì kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀, orí ìwé tax yín. Tẹ́ ẹ bá parí ẹ̀, ó máa sọ bóyá ẹ máa jẹ gbèsè tàbí ẹ máa gba refund, ó sì máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa kọ sórí W-4 gan-an. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ wà lórí F-1 tí òfin tax ṣì kà sí nonresident, ìyẹn ẹni tí kì í ṣe olùgbé níbí, estimator yìí kì í ṣe tiyín o, ẹ ka Notice 1392 lórí irs.gov kan náà, torí ọ̀nà tẹ́ ẹ ń gbà kọ W-4 yàtọ̀.

Ẹ wá gba W-4 tuntun. Ilé iṣẹ́ mìíràn ń lo ADP tàbí Workday, orí fóònù lẹ ti máa ṣe é, àwọn mìíràn ṣì ń lo ìwé, ẹ bi HR. Ipele márùn-ún ló ní láti 2020 tí wọ́n ti yí i padà, ọ̀rọ̀ pé kẹ́ ẹ kọ 0 tàbí 1 tàbí 2 táwọn àgbà tó ti pẹ́ níbí máa ń sọ, ó ti di ohun àtijọ́, ẹ má tẹ̀ lé e mọ́. Ipele 1 àti ipele 5 nìkan ló pọn dandan, ìyẹn orúkọ pẹ̀lú ipò yín, àti ibuwọ́lùwé.

Níbi ipele 1 yẹn, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń ṣìnà. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ìyàwó wọn ṣì wà nílé, bóyá ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, tí wọ́n ń dúró de visa, ń máàkì head of household torí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ pé owó orí ẹ̀ kéré. Òótọ́ ni pé ó kéré, àmọ́ òfin ní kí ọmọ tàbí ẹbí kan tẹ́ ẹ ń gbọ́ bùkátà ẹ̀, tó sì kúnjú òṣùwọ̀n, máa gbé lọ́dọ̀ yín fún ohun tó ju ìdajì ọdún lọ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ ẹni tó ń san ju ìdajì owó ilé yẹn. Ìyàwó tó wà ní Nàìjíríà ò kà, ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ níbẹ̀ ò kà, bó ti wù kí owó tẹ́ ẹ ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù pọ̀ tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nírú ipò yìí, àyè àkọ́kọ́ níbi tí wọ́n kọ Single or Married filing separately sí ló sábà máa ń jẹ́ tiyín. Ọ̀nà wà láti jọ ṣe tax pọ̀ pẹ̀lú ìyàwó tó wà nílé, àmọ́ ó máa nílò ITIN (nọ́ńbà tí IRS ń fún ẹni tí kò lè gba nọ́ńbà social) tó bá jẹ́ pé kò ní nọ́ńbà social, gbogbo owó tó ń wọlé fún òun náà ní Nàìjíríà á sì wọnú ìwé yín, nítorí náà ẹ wá ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó máàkì ẹ̀.

Ipele 2 ni oògùn ìṣòro arábìnrin wa tó ní iṣẹ́ méjì. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ méjì péré ló wà, yálà ẹnì kan ló ń ṣe méjèèjì tàbí ọkọ ní ọ̀kan ìyàwó ní ọ̀kan, ẹ lè máàkì àpótí kékeré tó wà ní 2(c), àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ máàkì ẹ̀ lórí W-4 iṣẹ́ méjèèjì o, tẹ́ ẹ bá ṣe ọ̀kan tẹ́ ẹ fi ìkejì sílẹ̀ kò ní bọ́ sí i. Tí owó méjèèjì bá dọ́gba bíi ti arábìnrin yẹn, gbogbo $3,530 yẹn á di yíyọ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún. Tí ọ̀kan bá kéré gan-an sí ìkejì, tí kò tó ìdajì ẹ̀, 2(c) á máa yọ owó jù lọ́wọ́ yín, nígbà yẹn ẹ lo estimator tàbí worksheet tó wà lójú ìwé kẹta. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí iṣẹ́ bá lé ní méjì.

Ipele 3 wà fún àwọn ọmọ àtàwọn tẹ́ ẹ ń gbọ́ bùkátà wọn. Ní 2026, $2,200 ni owó orí yín máa fi dín kù fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí kò ní tíì pé ọdún 17 títí ọdún máa fi parí, tó sì ní nọ́ńbà social, $500 sì ni fún àwọn yòókù, ìyẹn tí owó yín lọ́dún ò bá ju $200,000 lọ, tàbí $400,000 fún tọkọtaya tó jọ ń ṣe é pọ̀. Ẹ̀yin ará mi, màmá tàbí bàbá tó ń gbé ní Nàìjíríà ò wọ ibí yìí. Mo mọ̀ pé ó dun èèyàn, torí àwọn mìíràn ń fi owó ránṣẹ́ sílé ju iye tí wọ́n ń ná lórí ara wọn lọ, owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, owó ilé ìwé àbúrò, àmọ́ òfin owó orí Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tẹ́ ẹ máa kọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìlú yìí tàbí ẹni tí òfin tax kà sí olùgbé níbí. Màmá tó ní green card tó ń gbé níbí, tí ẹ̀yin lẹ̀ ń gbọ́ ju ìdajì bùkátà ẹ̀, tí òun fúnra ẹ̀ ò sì ní owó tó ń wọlé tó ju iye tí òfin fi lélẹ̀, ìyẹn lè wọ inú $500. Ohun kan tún wà tí tọkọtaya máa ń gbàgbé, orí W-4 kan ṣoṣo lẹ máa kọ àwọn ọmọ sí, ti ẹni tí owó ẹ̀ pọ̀ jù. Tí ọkọ bá kọ ọmọ mẹ́ta tí ìyàwó náà kọ ọmọ mẹ́ta kan náà, ẹ ti sọ wọ́n di mẹ́fà lójú payroll, àwọn tó ń ṣírò owó iṣẹ́, ẹ sì máa dá owó yẹn padà ní April.

Ipele 4 ní apá mẹ́ta. 4(a) wà fún owó tí kì í ṣe ti iṣẹ́, bí èlé báńkì tàbí dividend. Ẹ má kọ owó Uber tàbí owó irun dídì síbẹ̀ o, torí iṣẹ́ àdáni ní owó orí tiẹ̀ lọ́tọ̀ tó jẹ́ 15.3% yàtọ̀ sí income tax, 4(a) ò sì mọ̀ nípa ìyẹn.

4(b), ibi tẹ́ ẹ ti máa kọ owó míràn tí ìjọba ò ní gba owó orí lórí ẹ̀, ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì gbọ́ dáadáa. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní July 4, 2025 ní láti 2025 títí di 2028, apá kan nínú owó overtime ò ní san federal income tax mọ́, tó fi dé $12,500 fún ẹnì kan, $25,000 fún tọkọtaya tó jọ ń ṣe tax, àǹfààní yẹn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù tí owó yín bá ti kọjá $150,000, tàbí $300,000 fún tọkọtaya. Apá kan ni mo sọ, kì í ṣe gbogbo overtime. Tí owó wákàtí yín bá jẹ́ $40, tí overtime wá jẹ́ $60, $20 tó lé yẹn nìkan ló wọlé. Bákan náà, wákàtí 36 níbi kan àti wákàtí 24 níbòmíràn tí ilé iṣẹ́ méjèèjì ò ní nǹkan kan pa pọ̀ kì í ṣe overtime lábẹ́ òfin yìí, torí pé níbi iṣẹ́ kan náà ni wákàtí ti sábà máa ń ní láti kọjá 40 láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ lo worksheet tó wà lẹ́yìn W-4 ti 2026 láti ṣírò ẹ̀, iye tó bá jáde lẹ máa kọ sí 4(b). Social Security àti Medicare á ṣì yọ lórí ẹ̀ ṣá.

4(c) ni ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú fọ́ọ̀mù yẹn, torí ó rọrùn, ẹ kàn máa kọ iye tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n fi kún un lórí ṣẹ́ẹ̀kì kọ̀ọ̀kan ni. Ẹ mú iye tẹ́ ẹ rí pé ẹ máa jẹ, kẹ́ ẹ pín in sí iye ṣẹ́ẹ̀kì tó kù lọ́dún. $3,530 yẹn, tó bá jẹ́ láti January, ṣẹ́ẹ̀kì 26 ni, ó jẹ́ bíi $136 lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ pé July lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí tó ku ṣẹ́ẹ̀kì 13, ó di bíi $272. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa Uber tẹ́ ẹ tún níṣẹ́ W-2, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ owó orí nínú ṣẹ́ẹ̀kì yín, ẹ lè fi 4(c) yìí san ti Uber náà, dípò kẹ́ ẹ máa fúnra yín sanwó ní April 15, June 15, September 15 àti January 15. Àǹfààní ńlá kan tún wà níbẹ̀, owó tí ilé iṣẹ́ bá yọ, IRS máa ń kà á sí pé wọ́n ti ń yọ ọ́ bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kódà tó bá jẹ́ October ni wọ́n yọ ọ́, èyí tó lè gbà yín lọ́wọ́ ìtanràn. Ìtanràn yẹn kì í bá yín tí gbèsè tó kù ní April bá kéré sí $1,000, tàbí tẹ́ ẹ bá ti san 90% owó orí ọdún yìí, tàbí 100% ti ọdún tó kọjá (110% tí AGI yín lọ́dún yẹn, ìyẹn àpapọ̀ owó tó wọlé lẹ́yìn àwọn ìyọkúrò kan, bá lé ní $150,000).

Àwọn kan máa ń sọ lórí W-4 pé àwọn jẹ́ Exempt kí wọ́n má baà yọ federal tax kankan. Ẹ má dán an wò tí kì í bá ṣe òtítọ́. Ẹni tí kò jẹ federal income tax kankan lọ́dún tó kọjá, tó sì mọ̀ pé òun ò ní jẹ ní tọdún yìí, nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i, bí ọmọ ilé ìwé tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí díẹ̀, ó sì máa ń kú ní February 15 ọdún tó tẹ̀ lé e tí wọn ò bá kọ òmíràn. $500 ni ìtanràn ẹni tó bá kọ irọ́ tí kò nídìí sórí W-4, IRS sì lè kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ yín pé kí wọ́n máa yọ iye báyìí, tí ìyẹn bá ti dé ẹ ò lè dín in kù mọ́ láì jẹ́ pé IRS gbà.

Tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i, HR tàbí payroll lẹ máa fún, ẹ má fi ránṣẹ́ sí IRS. Òfin fún ilé iṣẹ́ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ọ̀pọ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Texas tàbí Florida, ó ti parí nìyẹn, ìpínlẹ̀ yín kì í gba income tax. Àmọ́ Maryland ní fọ́ọ̀mù tiẹ̀ tó ń jẹ́ MW507, Georgia ní G-4, Illinois ní IL-W-4, New York ní IT-2104, yíyí W-4 padà ò yí àwọn yẹn padà, nítorí náà ẹ béèrè fún un lọ́jọ́ kan náà.

Kẹ́ ẹ wá ṣí pay stub méjì àkọ́kọ́ tó bá tẹ̀ lé e. Ẹ fi iye federal tuntun wé ti tẹ́lẹ̀, tí kò bá yí padà lẹ́yìn oṣù kan, ẹ lọ bá payroll pẹ̀lú ẹ̀dà W-4 tẹ́ ẹ tọ́jú, torí ẹ gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹ̀dà kan. Ẹ tún un ṣe nígbà tẹ́ ẹ bá ṣègbéyàwó, tẹ́ ẹ bá bímọ, tí ọmọ bá fẹ́ pé 17, tẹ́ ẹ bá gba iṣẹ́ tàbí fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó sì fi 4(c) sáré bá gbèsè láàárín ọdún, bíi ti $272 yẹn, kó tètè kọ W-4 mìíràn ní January kó dín in padà sí $136, torí kò sí nǹkan tó máa dá a dúró fúnra ẹ̀, wọ́n á kàn máa yọ ọ́ lọ lórí gbogbo ṣẹ́ẹ̀kì ọdún tuntun ni.